Wáìnì Tí Èèrà Kò Sún Mọ́

Kì í sí ọyẹ́ ní Sókótó nínú oṣù kẹrin. Oòrùn ló ń jọba níbẹ̀ lásìkò náà, oòrùn tó máa ń bó ọ̀dà lára géètì, tí ewúrẹ́ pàápàá kì í fẹ́ kúrò lábẹ́ òjìji. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, Bàbá Jọláyẹmí, àlùfáà ìjọ Yorùbá kékeré kan lẹ́bàá Sama Road, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ gbagada, ó sì bi Lísì tó gbé ògì wá fún un léèrè pé:

"Ọmọ mi, ṣé ọyẹ́ ti padà dé ni?"

"Ọyẹ́ kẹ̀, Bàbá?"

"Gbogbo inú yàrá ló funfun. Mi ò rí ojú rẹ."

Lísì wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó mọ́ kedere débi pé ó rí okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ nínú àgbàlá kejì. Kó tó rí ibi gbé abọ́ ògì náà sí, Bàbá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn, kò dáhùn mọ́ bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀.

Bí Bàbá bá kú, Lísì mọ ẹni tó pa á. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Lísì. Búrẹ́dì ló ń ṣe tà ní Sama Road, ó sì ti tó ọdún méjìlá tó ti ń ṣe wáìnì tí ìjọ náà fi ń gba Ìdàpọ̀ Mímọ́. Igi àjàrà tó fà mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé wọn ní Arkilla ló ti ń ká èso rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Adéṣínà, káfíńtà tí àwọn ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí àga, ló ń tọ́jú wáìnì náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Òfin kan sì wà nínú ìjọ wọn tí ọmọ kékeré ibẹ̀ mọ̀: ohun tí a bá ti bùkún nínú ife, a kì í dà á nù. Bí gbogbo ènìyàn bá gbà tán tó bá ṣẹ́ kù, àlùfáà ni yóò mu ún títí ife yóò fi gbẹ.

Lọ́jọ́ mìíràn, ohun tó máa ń kù kì í ju ẹnu méjì lọ. Ṣùgbọ́n lánàá, ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ti Àjíǹde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó máa ń kún inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ti lọ sílé wọn. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló wá síbi tábìlì. Bàbá gbé ife tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé etí, ó sì mu ún tán. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní wáìnì Lísì ti ọdún yìí mà le o. Wọ́n mú Bàbá lọ sílé pé kó lọ sùn ún dànù.

Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí dókítà bi wọ́n ní ohun tí aláìsàn náà mu, Adéṣínà fa aya rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Lísì, jẹ́wọ́ fún wọn. Sọ pé èso ló pọ́n jù, tí ọtí fi le. Oòrùn ló fà á, kì í ṣe ìwọ. Òtítọ́ kì í pa ènìyàn."

Ó bá a kọ ọ́ sínú ìwé, Lísì sì fọwọ́ sí i láìkà á dáadáa, nítorí omijé kò jẹ́ kó ríran. Dókítà Nabilah ka ìwé náà, ó ní tó bá jẹ́ ọtí lásán ni, kí àwọn máa fún un lómi, kí àwọn sì dúró, ọtí náà yóò dá lójú rẹ̀. Wọ́n dúró. Àmọ́ kò dá.

* * *

Ní aago méjì ọ̀sán, Inspẹ́kítọ̀ Tàjúdíìn, ọlọ́pàá tí ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí, wọlé sí ilé búrẹ́dì Lísì. Ọmọ Ìlọrin ni, ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá mú olè, àfi bí ẹni pé ó ń kí i kú ìnáwó. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, ó kọjú rẹ̀ sí Lísì.

"Ìyá Bùsọ́lá, ẹ jókòó. Ẹ kú ọ̀rọ̀ Bàbá. Mo ti ka ìwé tí ẹ kọ. Kí lẹ fi ń wọn ìyẹ̀fun níbí?"

"Kọ́ńgò, sà."

"Ṣúgà ńkọ́?"

"Agolo mílíìkì."

"Yíìsì?"

"Ṣíbí ni, sà."

"Ó dáa. Ẹ wo ohun tí ẹ kọ: 'Agbára ọtí náà di ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún.' Ẹni tó ń fi kọ́ńgò àti agolo wọn nǹkan, ta ló kọ́ ọ ní ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún?"

Lísì kò fẹ́ dárúkọ ọkọ rẹ̀. Kò tíì mọ ìdí tí kò fi fẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ọkàn rẹ̀.

"Mo... mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn."

"Ọ̀gá, obìnrin náà ti jẹ́wọ́." Adéṣínà ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti dé láìjẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ kànáfùrù lẹ́nu. Láti ìgbà Lẹ́ńtì ló ti ń jẹ ẹ́. Ó ní eyín ló ń dun òun. "Kí lẹ tún ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Bùsọ́lá. Ìdí tí ẹni tó mutí lánàá fi burú lónìí ju àná lọ ni mò ń wá. Mo ti mú ọ̀mùtí púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀mùtí a máa rí ẹnì kan ní méjì. N kò tíì gbọ́ nípa ọ̀mùtí tó rí ọyẹ́ rí. Ilẹ̀ a sì máa mọ́ bá ọtí, ojú a sì dá. Ti Bàbá, ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ gan-an ni ojú ṣú."

Adéṣínà wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ọwọ́ náà tutù nínú ooru yẹn, Lísì sì rí i pé òun fẹ́ kó gbé e kúrò.

* * *

Ariwo ló tún gba ẹnu ọ̀nà. Kọ́pùrà kan mú Tanko wọlé, bàbá àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn ọmọ ìjọ bíi mẹ́fà sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní wọ́n rí Tanko lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó gbé jẹ́ríkàn-ìn jáde nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń wo ọ̀tún wo òsì. Wọ́n ní kí ló lè wà nínú rẹ̀? Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé májèlé ni.

Ẹ̀rù tó ba Lísì báyìí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀sìn méjì ló ń gbé ní ìlú yìí tí wọ́n ń ra búrẹ́dì kan náà. Gbólóhùn kan péré, pé Hausa tó ń ṣọ́ wọn ló fi májèlé sí ọtí wọn, tó láti dá iná tí ẹnikẹ́ni kò ní rí omi pa. Ó wo àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ti mú fóònù dání.

Inspẹ́kítọ̀ Tàjúdíìn dìde fún Tanko, ó fún un ní àga tirẹ̀.

"Baba, sannu. Me ke cikin jarka?" Ó ń bi í ní èdè Hausa pé kí ló wà nínú jẹ́ríkàn-ìn náà.

"Wallahi, yallabai, ruwan alwala ne!" Bàbá náà ní omi àlùwàlá ni òun pọn, nítorí ẹ̀rọ omi ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń yọ lọ́jọ́ náà ní gbogbo àdúgbò. Ojú ń ti òun kí àwọn ènìyàn má sọ pé òun ń jí omi Kìrìsìtẹ́nì lọ kírun, ìdí nìyẹn tí òun fi ń wo ọ̀tún wo òsì.

Kọ́pùrà gbé jẹ́ríkàn-ìn náà wá. Inspẹ́kítọ̀ gbóòórùn rẹ̀, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi bọ́jú níwájú gbogbo wọn.

"Omi ni," ló wí fún àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹni tó bá pè é ní nǹkan mìíràn láti ìsinsìnyí lọ, èmi ni yóò wá ṣàlàyé fún ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ kó fóònù yín sápò." Ó yíjú padà sí Tanko, ó bi í ní ohun mìíràn tó ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà.

Tanko ní kò sí. Ó tún rántí. Ó ní ọ̀gá Adéṣínà rán òun lọ sí Kofar Rini, kí òun ra ìgò sóbò mẹ́rin, ohun mímu pupa tí wọ́n fi ìṣápá ṣe, lọ́wọ́ Zulaihat tó ń tà á, èyí tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n fi kànáfùrù sí dáadáa.

"Àlejò ni mo ní," Adéṣínà yára sọ.

Inspẹ́kítọ̀ mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ṣùgbọ́n Lísì mọ̀ pé kò sí àlejò kankan ní Arkilla lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kò sì sí sóbò kankan tó wọ ilé. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú kí a tó tu itọ́ funfun jáde. Lísì tu itọ́ funfun, kò sọ nǹkan kan.

Lára àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni Ṣẹ̀yẹ, onídìrí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án tó wá síbi tábìlì ni.

"Àǹtí Ṣẹ̀yẹ, ẹ̀yin náà gbà nínú ife lánàá?"

"Mo gbà, sà. Mo kàn fi kan ètè ni, orí sì fọ́ mi di àárọ̀."

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Ṣẹ̀yẹ fajú ro. "Ó kan. Ó tún ta mí láhọ́n. Ó yà mí lẹ́nu, torí ti ọjọ́ Àjíǹde dùn bí oyin. Mo ní bóyá wọ́n ṣí ìgò mìíràn ni."

* * *

Inspẹ́kítọ̀ lé gbogbo wọn jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ku òun, Lísì, Adéṣínà, àti aago orí tábìlì. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Ìyá Bùsọ́lá, èmi ò fi ahọ́n kan ọtí rí, mi ò sì ní fi kàn án lónìí. Ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Báwo ni èso ṣe ń pọ́n jù?"

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ahọ́n Lísì sì tú díẹ̀. Ó ní ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, òun máa ń ká àjàrà nígbà tó ṣì kan díẹ̀. Wáìnì ìgbà náà fúyẹ́ bí omi tí wọ́n fi fọ èso. Àwọn ìyá ìjọ máa ń sọ pé kò yàtọ̀ sí oògùn ikọ́. Ooru wá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, èso ń yára pọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń fẹ́ ohun tó dùn, tó dúdú, tó wúwo lẹ́nu. Ọmọ ìjọ kan tiẹ̀ kó ìgò wáìnì òkèèrè wá hàn án rí, ti ayé àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí: agbára ọtí méjìlá ni wọ́n kọ sára ti àtijọ́, ti ìsinsìnyí lé ní mẹ́rìnlá. Ó ní gbogbo ayé ló ń dúró kí èso pọ́n dáadáa báyìí kí wọ́n tó ká a. Lísì náà bá ń dúró. Lọ́dún yìí, ó dúró títí awọ èso fi hun jọ bí ìka ẹni tó pẹ́ nínú omi.

"Èso tó bá pọ́n sí i, ṣúgà rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ṣúgà ló ń di ọtí."

"Kí ló ń sọ ọ́ di ọtí?"

"Yíìsì."

"Irú yíìsì wo?"

"Yíìsì búrẹ́dì tí mò ń lò níbí náà ni, sà. Òun ni mo mọ̀."

"Bí ọmọọṣẹ́ yín bá da ṣúgà tó pọ̀ jù sínú ìyẹ̀fun ńkọ́?"

"Kò ní wú dáadáa. Ṣúgà tó pọ̀ jù máa ń tẹ yíìsì rì."

"Nínú wáìnì wá ńkọ́? Bí ọtí tí yíìsì ń ṣe bá ti ń pọ̀, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí yíìsì fúnra rẹ̀?"

Lísì ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún méjìlá láìbi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí. "Ó máa kú sínú ọtí tó ṣe."

"Ṣúgà tí kò rí jẹ tán ńkọ́?"

"Á ṣẹ́ kù síbẹ̀. Wáìnì náà á..." Ó dá dúró. "Wáìnì náà á dùn."

"Bí èso bá ṣe pọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni wáìnì yín yóò ṣe dùn tó. Ohun tí Àǹtí Ṣẹ̀yẹ fẹnu kàn lánàá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ìyá Bùsọ́lá, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ kò dá lẹ jẹ́wọ́."

"Ẹnu obìnrin kan ṣoṣo lẹ fi ń dájọ́?" Adéṣínà bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

"Rárá o. Mo ní àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn. Ìyá Bùsọ́lá, ṣé ẹ ní wáìnì ọdún yìí kankan níbí?"

Ó ní. Gẹ́gẹ́ bó ti máa ń fi ìyẹ̀fun pípò díẹ̀ pamọ́ láti mọ bí ti àná ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ìgò wáìnì kan pamọ́ lọ́dọọdún sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Inspẹ́kítọ̀ mú un. Láti inú àpò rẹ̀, ó yọ ìgò tí wọ́n bá nínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ti bu ti àná. Ó da díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì sínú àwo pẹlẹbẹ méjì. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, wọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó gbé wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí èèrà ti máa ń tò wá jẹ èérún búrẹ́dì látàárọ̀ dalẹ́.

Wọ́n ń wò. Lísì gbọ́ aago tó ń dún lórí tábìlì, ó gbọ́ bí Adéṣínà ṣe ń rún kànáfùrù lẹ́nu.

Èèrà kan dé etí àwo Lísì. Òmíràn dé. Kò pẹ́ tí etí àwo náà fi dúdú yíká. Àwọn tó lọ síbi àwo kejì kò dé ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ṣẹ́rí padà. Ọ̀kan tó fi ipá gùn ún yí gbirigbiri, kò sì dìde mọ́.

"Kì í ṣe wáìnì ìyàwó yín," Inspẹ́kítọ̀ wí. Adéṣínà ló ń bá sọ̀rọ̀. "Sóbò ni wọ́n fi ṣe àwọ̀ rẹ̀. Kànáfùrù ni wọ́n fi bo òórùn rẹ̀. Kí ni wọ́n wá fi ṣe agbára rẹ̀?"

Ó da díẹ̀ sínú ọmọrí ìkòkò, ó gbé e sí igun tó ṣókùnkùn, ó ṣá ìṣáná. Iná búlúù kan rá lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́, iná tín-ín-rín tí ènìyàn lè má rí bí kò bá tẹjú mọ́ ọn. Wáìnì tí Lísì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò lè gbaná láéláé, bó ti wù kí èso rẹ̀ pọ́n tó. Ohun tó ń jó yìí sì ti wọ inú Bàbá, ife kan gbáko.

Fóònù Inspẹ́kítọ̀ dún. Ó gbé e sétí, ó tún gbé e sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ohùn Dókítà Nabilah jáde, ó ń yára sọ̀rọ̀.

"Inspẹ́kítọ̀, èémí rẹ̀ ti burú sí i. Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó mu. Bó bá jẹ́ jíìnì ni wọ́n dà sí i, ìtọ́jú tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ sípíríìtì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, oògùn rẹ̀ yàtọ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kan ló ṣófo, ẹnì kan ń dúró dè é. Mi ò lè fi àbá gbé e fún un. Wákàtí kan tó bá tún lọ, ojú rẹ̀ ló ń bá a lọ, bóyá ẹ̀mí rẹ̀ náà."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Inspẹ́kítọ̀ kò wo Adéṣínà rárá. Lísì ló wò.

"Ìyá Bùsọ́lá, mo lè lọ gba ìwé àṣẹ kí n tó wá tú ilé ẹnikẹ́ni. Ó di ọ̀la kó tó jáde. Bàbá kò ní ọ̀la. Bí ẹnì kan bá mọ ibi tí sípíríìtì wà, kó sọ ọ́ báyìí."

Ọwọ́ Adéṣínà ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó rọra tẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ níbi ìpàdé bí kò bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Lísì rántí ogún ọdún tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Ó rántí Bùsọ́lá, ọmọbìnrin wọn tó wà ní yunifásítì, tí yóò di ọmọ ọ̀daràn láti ẹnu òun. Ó rántí pẹ̀lú bí Bàbá ṣe jókòó láàárọ̀, tó ń wá ojú òun nínú ọyẹ́ tí kò sí. Bí ikú ilé kò pa ni, tòde kò lè pa ni.

"Ó wà lẹ́yìn ilé wa," ló wí. "Nínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Bùsọ́lá. Sípíríìtì tí wọ́n fi ń po pọ́líìṣì. Lọ́jọ́ Ẹtì, gálọ́ọ̀nù náà kún. Lánàá tí mo gbálẹ̀ ibẹ̀, ó ti dé ìdajì, kò sì sí àga kankan tí wọ́n pọ́líìṣì."

Inspẹ́kítọ̀ ti gbé fóònù. "Dókítà, sípíríìtì káfíńtà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Ọwọ́ náà kúrò léjìká Lísì.

* * *

Adéṣínà kò sá. Ó tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì mọ̀.

"Èmi ni mo mu wáìnì náà," ló wí. "Gbogbo rẹ̀. Láti Lẹ́ńtì ni mo ti ń mu ún, lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Àjíǹde ló tán. Mo ní tí mo bá fi nǹkan mìíràn dí i fún ọ̀sẹ̀ kan, màá rí ọgbọ́n ta sí i. Ẹnu lásán ni àwọn ènìyàn máa ń fi kàn án. Mo gbàgbé pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé."

"Ẹ gbàgbé," Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ìwé ìjẹ́wọ́ tí ẹ kọ fún ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ìgbàgbé nìyẹn náà? Ìwé yẹn ló mú kí dókítà máa dúró láti àárọ̀."

Lísì yíjú sí Adéṣínà. Inú bí i, ẹ̀rù ṣì ń bà á, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

"Bàbá Bùsọ́lá, nígbà tí Bàbá gbé ife tó kún yẹn, ibo lẹ wà?"

"Lísì..."

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ wà. Ẹ̀yin lẹ gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ ń wò ó títí tó fi mu ún tán."

Kọ́pùrà wọlé, ó sì mú Adéṣínà jáde gba ẹ̀yìn, kí àwọn tó wà níta má bàa rí i.

* * *

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà Nabilah jẹ́ kí Lísì wọlé. Ó ní èémí Bàbá ti walẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ yóò dúró. Ti ojú, òun kò lè ṣèlérí. Ó lè padà díẹ̀, ó lè má padà. Lísì rọra wọlé lọ bá Bàbá. Ó ń bẹ̀rù ohun tí Bàbá yóò bi òun.

"Lísì nìyẹn," Bàbá wí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ sí òkè àjà. "Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ."

"Ẹ kú ìjàkadì, Bàbá." Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Adéṣínà ńkọ́? Ṣé ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀?"

Lísì di ọwọ́ náà mú pinpin.

"Ẹ má jẹ́ kó dá wà o. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, bí ìbànújẹ́ bá ti dé, ìdí ọtí ló máa ń sá lọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni èmi àti òun ti ń bá a jà. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tèmi yìí dá a padà síbẹ̀."

Lísì gbé iwájú orí lé etí bẹ́ẹ̀dì náà. Ó ti bá ọlọ́pàá sọ òtítọ́ lánàá, ó sì rò pé èyí tó le jù lọ nìyẹn.

"Bàbá," ló wí, "ó ti padà síbẹ̀ kí tiyín tó ṣẹlẹ̀."

Ọwọ́ àgbàlagbà náà dúró jẹ́ẹ́ nínú tirẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti Lẹ́ńtì, Bàbá, láti ìgbà tí mo ti jẹ́ kí èso náà pọ́n tí wáìnì wa fi dùn mọ́ ọn lẹ́nu."